Ariwo Kọ́ Ni Eré: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Ohun Àfikún Lára ATV Eléré

Ẹni tó bá fẹ́ ra Yamaha Raptor 700R tàbí YFZ450R tuntun ní Amẹ́ríkà lóde òní á ná nǹkan bíi $9,000 sí $10,000 kó tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ní pẹ́ rárá tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé ọjà àwọn tó ń ta ohun àfikún: sàlẹ́ńsà $400 tàbí $800, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí bí epo ṣe ń wọ ẹ́ńjìnnì padà ní nǹkan bíi $300, písítìn, káàmù, ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta tí owó wọn ju $2,000 lọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣèlérí, pé eré á pọ̀ sí i.

ATV eléré tí mò ń sọ yìí kì í ṣe alùpùpù onítáyà mẹ́rin gìrìwò táwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ibẹ̀ fi ń kó ẹrù. Eléyìí fúyẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, ẹni tó gùn ún ló sì ń fi ẹsẹ̀ yan jíà fúnra rẹ̀. Orí òkè iyanrìn Glamis ní gúúsù California, ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ inú igbó West Virginia àti pápá motocross ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá ti sanwó gun èyí tí wọ́n ń háyà létí òkun l'Ékòó ti mọ ìrísí rẹ̀. Àmọ́ ti etí òkun yẹn, tó sábà jẹ́ ti Ṣáínà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná kọ́bọ̀ lórí sàlẹ́ńsà rẹ̀.

Ṣé owó ohun àfikún wọ̀nyí tọ́ láti ná? Lójú tèmi, apá kan tọ́, apá tó pọ̀ jù ni kò tọ́. Èyí táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré rà ló sì sábà máa ń wà ní apá tí kò tọ́ yẹn.

Irọ́: Sàlẹ́ńsà tó bá ń pariwo ló ń sáré

Irọ́ yìí ní bàbá, òótọ́ sì ni bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1987, Yamaha gbé Banshee jáde. Ẹ́ńjìnnì two-stroke ni, písítìn méjì, 347cc, tí wọ́n mú ìṣesí rẹ̀ láti ara alùpùpù RZ350. Títí di 2006 ni wọ́n fi ń tà á ní Amẹ́ríkà, orí rẹ̀ sì ni àìmọye ọ̀dọ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nínú gáréèjì bàbá wọn.

Lára irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kò sí fááfù lórí sílíńdà tó ń ṣí tó ń tì. Ihò ara sílíńdà ni afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, ihò mìíràn ni èéfín ń gbà jáde, ó sì ní ìgbà díẹ̀ tí ihò méjèèjì máa ń ṣí sílẹ̀ pa pọ̀. Nígbà náà, epo tútù tí kò tíì jó lè bá èéfín sá jáde. Páìpù tó wú níkùn tó sì tín-ín-rín nídìí ló ń dá a padà: ìgbì èéfín á sáré lọ, á kọlu ibi tí páìpù ti fún, á ta padà, á sì ti epo tó fẹ́ sá lọ wọ inú sílíńdà kí písítìn tó dí ihò náà. Apá kan ẹ́ńjìnnì gan-an ni páìpù two-stroke. Ẹni tó bá yí ti Banshee padà, tó sì tún kábúrétọ̀ rẹ̀ ṣe bó ṣe yẹ, á rí ìyàtọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní máa ṣàlàyé fún un.

Àwọn tó fi Banshee dàgbà ló kọ́ àwọn àbúrò wọn lẹ́kọ̀ọ́ yẹn, àwọn àbúrò sì gbé e lọ sórí four-stroke láìbéèrè bóyá ó ṣì bá a mu. Raptor 700 jẹ́ 686cc onípísítìn kan. YFZ450R jẹ́ 449cc, ó ní fááfù márùn-ún lórí písítìn kan ṣoṣo náà. Àwọn fááfù wọ̀nyí ló ń sọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ á wọlé àti ìgbà tí èéfín á jáde. Páìpù ṣì ń ṣèrànwọ́, mi ò ní kò ṣe é, àmọ́ iṣẹ́ tó kù fún un láti ṣe ti dín kù gan-an. Bí ẹ bá tú sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn nìkan, tí ẹ de tuntun mọ́ ọn, tí ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, hóòsìpáwà kan tàbí méjì lẹ sábà máa rí, ìyẹn sì jẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí débi tó lè yí dé. Ó tún lè dín agbára kù nísàlẹ̀, nígbà téèyàn ń jáde ní kọ́nà tó ń wá ohun tó máa tì í síwájú.

Etí ló ń tan wá jẹ. Ohùn bá ki sí i, ara bá gbọ̀n, ọpọlọ bá gbà pé a ti ń sáré. Àwọn ọlọ́kadà kan nílé máa ń yọ ìfun inú sàlẹ́ńsà wọn kúrò: gbogbo àdúgbò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, àmọ́ mi ò tíì rí i kí wọ́n tìtorí ẹ̀ tètè dé ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kí ó gbé aago ìdíje lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó gun ọ̀nà kan náà ṣáájú àti lẹ́yìn. Sàlẹ́ńsà táwọn èèyàn rà jẹ wọ́n lówó púpọ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn ò fi ń gbé aago jáde.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ o: sàlẹ́ńsà tuntun sábà máa ń fúyẹ́ ju ti ilé iṣẹ́ lọ ní kílò díẹ̀. Ìyẹn dára. Àmọ́ òfin náà wà níbẹ̀. Ní California, ATV tí wọ́n ṣe láti 1986 wá kò gbọ́dọ̀ pariwo ju 96 dB lọ nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí nǹkan bí ìdajì mítà sí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀. Ìwọ̀n dB kì í gòkè bí iye owó: ohun tó wà ní 106 ní agbára ohùn ìlọ́po mẹ́wàá ti èyí tó wà ní 96. Sàlẹ́ńsà náà tún gbọ́dọ̀ ní àwọ̀n tó ń dá ẹ̀ta iná dúró kó má bàa bọ́ sínú koríko gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ sàlẹ́ńsà ìdíje kò ní in. Ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba tó bá dá yín dúró kò ní béèrè iye tí ẹ rà á, á kọ owó ìtanràn fún yín ni.

Irọ́ tó fẹ́ jọ òótọ́: Ilé iṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, ẹ ò ní ju kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ lọ

Níbí, mi ò lè pe gbogbo rẹ̀ ní irọ́. Láti nǹkan bí 2006 ni EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká, ti ń fi òfin de èéfín tí ATV tuntun ń tú síta ní Amẹ́ríkà. Kí epo tó jó tán pátápátá, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ló yẹ kó bá ìwọ̀n epo 1 pàdé. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 13 sí 1 ni ẹ́ńjìnnì ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn, ìyẹn pẹ̀lú epo tó pọ̀ díẹ̀ sí i. Nítorí èéfín, ilé iṣẹ́ á fi epo mọ níwọ̀n. Àyè tó wà láàárín ohun tí òfin fẹ́ àti ohun tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ àtúntò epo ń tà, àyè náà sì wà lóòótọ́. Yamaha fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ka kan, GYTR, tó ń ta ohun àfikún fáwọn tó ti ra Yamaha tẹ́lẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn máa ń ṣe ìdajì. Wọ́n á fi sàlẹ́ńsà tó ṣí sílẹ̀ sí i, wọ́n á yọ ìdérí àpótí afẹ́fẹ́, wọn ò ní fọwọ́ kan epo. Ìyẹn dà bí kéèyàn da omi kún ọbẹ̀ kó má fi iyọ̀ àti ata kún un. Ọ̀pọ̀ ATV eléré ni kò ní ẹ̀rọ tó ń tọ́ èéfín wò láti mọ̀ bóyá epo ti kéré. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbà pé nǹkan ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ á pọ̀, epo ò ní tó, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, sàlẹ́ńsà á máa ta páá-páá nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ iná. Ìró yẹn dùn létí àwọn kan! Bó bá le jù, ó lè jó orí písítìn.

Bí ẹ bá wá ṣe é ní odindi ńkọ́, páìpù látòkè délẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ṣí, epo tí wọ́n tún tò lórí ẹ̀rọ ìdíwọ̀n agbára? Lára ẹ̀rọ tó ní nǹkan bíi hóòsìpáwà 40, ẹ lè rí tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn hóòsìpáwà mẹ́rin tàbí kó dín díẹ̀. Owó rẹ̀ á tó $1,000 sí $1,500. Ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ mọ̀ lára kì í ṣe hóòsìpáwà yẹn pàápàá. Àtàǹpàkò lèèyàn fi ń tẹ iná lórí ATV, bí ẹ bá sì ti fi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á dáhùn lójú ẹsẹ̀, kò ní lọ́ra.

Nínú igbó, níbi tí igi ti há ọ̀nà mọ́ èèyàn, ìgbà mélòó lèèyàn ń tẹ iná dópin? Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń gùn ún nínú igbó fi máa ná $1,500 sórí èyí. Lórí iyanrìn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, màá padà sórí ìyẹn. Ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí: ọ̀pọ̀ nínú ohun èèlò yìí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fún ìdíje nìkan ni, torí òfin Amẹ́ríkà kò fàyè gba kéèyàn yí ohun tó ń ṣàkóso èéfín padà lára ẹ̀rọ tí wọ́n ń gùn káàkiri. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, ẹni tó ta ATV fún yín náà lè tọ́ka sí i pé ẹ ti tú u.

Ohun kan tún wà táwọn tó ń gbé lókè bíi Colorado máa ń gbàgbé. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ní nǹkan bí 300 mítà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń pàdánù tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́. Ní 3,000 mítà, agbára tó lọ ti tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà tó ń pín epo lè dín epo kù kó bá afẹ́fẹ́ mu, kábúrétọ̀ sì nílò kéèyàn yí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Àmọ́ kò sí sàlẹ́ńsà tó lè dá afẹ́fẹ́ tí kò sí níbẹ̀ padà.

Irọ́: Ohun tó bá wọ́n ló ń ṣiṣẹ́ jù

Lára ẹ́ńjìnnì, irin eléyín kékeré kan wà tí ṣéènì ń yí lé lórí. Ti Raptor 700 ní eyín 14. Ẹ fi eléyín 13 rọ́pò rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í sábà ju $40 lọ, iṣẹ́ wákàtí kan ni fún ẹni tó ní irinṣẹ́. Agbára tí táyà fi ń ti ilẹ̀ nínú jíà kọ̀ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, eré tó ga jù lọ tí ẹ lè dé á sì dín kù ní nǹkan bí ìdá méje. Ẹ́ńjìnnì ò lágbára sí i o, ibi tó ń lo agbára rẹ̀ sí lẹ yí padà. Fún ẹni tí kì í dé eré tó ga jù lọ yẹn rárá, èrè pátápátá ni.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn tó ń ná owó sórí páìpù tí wọ́n sì ń fi táyà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Táyà ẹ̀yìn Raptor 700R jẹ́ 20 ínǹṣì. Wọ́n á fi 22 ínǹṣì sí i nítorí ó rí fìrìgbọ̀n. Ìyẹn ti mú kí jíà gùn sí i ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, táyà náà sì wúwo sí i. Gbogbo ohun tí wọ́n fi $1,500 rà lára ẹ́ńjìnnì ti lọ, wọ́n tún wá ń sọ pé sàlẹ́ńsà náà kì í ṣe ojúlówó.

Ní Glamis, níbi tí iyanrìn ti ń gbé táyà mì, táyà tó ní abẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èèyàn gun òkè. Ẹni tó bá gbé táyà ilẹ̀ líle wá sídìí òkè Oldsmobile Hill, bó bá ní hóòsìpáwà 60, iyanrìn ni yóò máa gbẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbà pé agbára ẹ́ńjìnnì tọ́ sí owó rẹ̀, torí iyanrìn ń jẹ agbára, iná sì wà ní títẹ̀ dópin fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Irọ́: Ẹ mú písítìn tó tóbi sí i, wàhálà ti tán

Ìgbà yẹn gan-an ni wàhálà ń dé. Raptor 700 tó jáde ní 2006 ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ ní ìwọ̀n 9.2 sí 1, ìdí nìyẹn tí epo bẹntiróòlù lásán fi tó o. Písítìn tó bá gbé e dé 11 tàbí 12 sí 1 á mú agbára wá, irọ́ kọ́. Àmọ́ epo tí kò lágbára á bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ìró bí ẹni ń fi òòlù kékeré lu irin. Ẹ ní láti máa ra epo tó dára jù ní ilé epo, tàbí epo ìdíje tí owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti lásán lọ. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san ìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gùn ún ni.

Bí wọ́n bá tún fẹ sílíńdà, ooru á pọ̀ sí i, rédíétọ̀ sì wà bó ṣe wà. Kíráǹkì, kílọ́ọ̀ṣì àti jíà tí wọ́n ṣe fún agbára kan á máa gbé òmíràn. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tí kò tíì lágbára tó ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn olùdíje mọ èyí: wákàtí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì wọn, wọn kì í fi ọdún kà á, wọ́n sì ń tú u palẹ̀ kó tó bàjẹ́. Ẹni tó ń gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ irú ìgbésí ayé yẹn, bó bá tiẹ̀ rò pé òun fẹ́ ẹ.

Irọ́: Ìtura ni ṣọ́ọ̀kì wà fún, kò kan eré

Bí ẹnì kan bá bi mí pé ibo ni kí òun fi owó òun sí, ibí ni.

Raptor 700R tó ní epo àti ọ́ìlì nínú wúwo tó nǹkan bí 190 kílò. Ẹni tó gùn ún lè jẹ́ 60 kílò, ó lè jẹ́ 110. Ṣọ́ọ̀kì kan náà ni ilé iṣẹ́ fi sí i fún àwọn méjèèjì. Fún ẹni 60 kílò, ṣọ́ọ̀kì le, gbogbo kòtò ló ń gbé e fò. Fún ẹni 110, ó ti rì dé ìdajì kó tó kúrò nílé, ó sì ń kan irin nísàlẹ̀ bó bá balẹ̀ látòkè. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè tẹ iná bó ṣe fẹ́. Nínú kòtò àti gbágungbàgun, kì í sábà jẹ́ àìlágbára ẹ́ńjìnnì ló ń mú kéèyàn jọ̀wọ́ iná. Ẹ̀rù ni, tàbí ọwọ́ tó ti rẹ̀, tàbí ẹ̀yìn ATV tó ń jù sápá kan. Ṣọ́ọ̀kì tó bá ara yín mu á jẹ́ kí ẹ lè di iná mú pẹ́ sí i, ìyẹn gan-an sì ni eré.

Èyí tó dùn mọ́ni jù ni pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wọ gbogbo aṣọ àti àṣíborí tí ẹ fi ń gùn ún, ẹ jókòó lé e, kí ẹlòmíràn fi téèpù wọn ibi tó rì dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú sí i pé kó rì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìrìn ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì iwájú Raptor 700R ń rìn tó 9.1 ínǹṣì, ti ẹ̀yìn 10.1. Ẹ yí sípíríǹgì le tàbí kó dẹ̀, kí ẹ wá yí àwọn ìdè kékeré tó ń darí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ àti bó ṣe ń padà sókè, ìwé tó bá ATV wá ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Àìmọye èèyàn ló ní i tí wọn ò fọwọ́ kan ìdè yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Bí ìyẹn ò bá tó, sípíríǹgì tó bá ìwúwo yín mu ló kàn, kò wọ́n púpọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, kó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kó tún inú rẹ̀ tò. Ṣọ́ọ̀kì Elka, Fox tàbí Öhlins tó ju $2,000 lọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fún ẹni tó ti ṣe gbogbo ìwọ̀nyí tó ṣì ń fẹ́ sí i ni. Ó wọ́n, mo mọ̀, ó ju sàlẹ́ńsà lọ. Àmọ́ mo lè gbèjà rẹ̀.

Apá irin iwájú tó gùn tó ń mú ATV fẹ̀ sí i tún ń bá ṣọ́ọ̀kì rìn. Ó dára fún motocross, kì í tètè dojú dé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹ ti máa gùn ún. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà nínú igbó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni wọn kò fàyè gba ohun tó bá fẹ̀ ju 50 ínǹṣì lọ. Raptor 700R jẹ́ 46. YFZ450R jẹ́ nǹkan bí 49 láti ilé iṣẹ́, nǹkan bí ínǹṣì kan ló kù fún un. Ẹ fi irin ìfẹ̀sí lásán sábẹ́ rìmù rẹ̀, ẹ ti kúrò lára àwọn tí ọ̀nà yẹn gbà.

Irọ́: Ohun tí àwọn olùdíje ń lò lèmi náà nílò

Bill Ballance gba ife ìdíje GNCC lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án léraléra, láti 2000 dé 2008, orí Yamaha ló wà. ATV tó gùn kọ́ ló gbà á fún un. GNCC jẹ́ wákàtí méjì nínú igbó, ẹrẹ̀, gbòǹgbò igi àti òkúta, ara àti ọpọlọ ló ń parí rẹ̀. Àwọn olùdíje ní mẹkáníìkì, wọ́n ní ẹni tó ń sanwó ohun èèlò, wọ́n sì ń wá ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí wọ́n ti wá èyí tó kù tán. Ẹni tó ṣì lè fi ìṣẹ́jú kan gé àkókò ara rẹ̀ kúrú bó bá kàn mọ ibi tó yẹ kó gbé ara rẹ̀ sí nínú kọ́nà, kí ló ń fi káàmù ṣe? ATV Safety Institute ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba nǹkan bí ìdajì ọjọ́. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa ń ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fi han ọ̀rẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sàlẹ́ńsà.

Irọ́: Ó ti ń lọ́ra, ó nílò ohun àfikún

Ó nílò àtúnṣe ni. Honda kò ṣe TRX450R mọ́ láti 2014, Suzuki àti Kawasaki náà ti pa 450 tiwọn tì, nítorí náà púpọ̀ nínú ATV eléré tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ti dàgbà. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fọ fílítà afẹ́fẹ́, ẹ yẹ àyè fááfù wò, ẹ wọn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra tó, ẹ wo ṣéènì, bíárìnì àti bíréèkì. Mo ti rí ẹ̀rọ tí fílítà tó dí ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju ohun tí sàlẹ́ńsà $500 lè dá padà lọ.

Irọ́: Owó mi á padà wá lọ́jọ́ tí mo bá tà á

Kò ní padà wá. Ẹni tó fẹ́ ra ATV àlòkù tó rí páìpù ìdíje, písítìn ńlá àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tún tò kì í rò pé òun rí ohun iyebíye. Ohun tó ń rò ni pé wọ́n ti lò ó nílòkulò, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé ta ló tò ó, ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n ni àbí ẹni tó wo fídíò. Ṣọ́ọ̀kì tó dára ṣì ń mú díẹ̀ padà, torí èèyàn lè tú u kó tà á lọ́tọ̀. Owó iṣẹ́ tí ẹ san láti fẹ sílíńdà ti lọ ná.

Ẹ fi gbogbo ohun tí ẹ bá tú sínú páálí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e pamọ́. Ẹni tó ń rà á ní California á kọ́kọ́ béèrè sàlẹ́ńsà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, torí òun náà mọ̀ nípa 96 dB yẹn. Bí ẹ bá ti jù ú nù, ẹ ní láti ra òmíràn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, iye rẹ̀ sì lè ju èyí tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ lọ.